Asọ̀rọ̀mágbèsì Ṣì Ń Kọrin ní Ilé Wa

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń gbé ìlú Sókótó yìí, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí ti di àríyànjiyàn ní ilé púpọ̀. Àwọn ọmọ wa ń béèrè pé: nígbà tí gbogbo orin ti wà nínú fóònù, kí ni ẹ̀yin àgbà ṣì ń fi rédíò ṣe? Ìbéèrè náà kò burú, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń pè ní FM. Ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Armstrong, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1933. AM ni ayé ń lò ṣáájú. Bí mànàmáná bá kọ, ariwo a bo orin mọ́lẹ̀. FM kò gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ láyè. Ìlù a dún bí ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ a dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun rere tí kò ní àléébù: FM kì í rìn jìnnà.

Nígbà tí mo dé Sókótó ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Sókótó sílẹ̀, orí AM àti ìgbì kúkúrú ni à ń wá ilé sí. AM a máa rìn jìnnà lóru, nítorí pé bí oòrùn bá ti wọ̀, òkè ojú ọ̀run a máa ta ìgbì rẹ̀ padà sí ilẹ̀. A óò rọra máa yí bọ́tìnnì títí a ó fi gbọ́ ohùn Yorùbá, láàárín ariwo bí ẹni ń din àkàrà. Bí orin Hárúnà Ìṣọ̀lá bá bọ́ sí i, gbogbo agboolé a dákẹ́. FM kò lè ṣe èyí. Ìbàdàn sí ibí ju 600 kìlómítà lọ, bí ẹyẹ bá tilẹ̀ fò tààrà. Kò sí bí Amúlùdùn FM yóò ti dé orí rédíò wa.

Nítorí náà, ohun tí FM ń fún wa níbí ni ohùn ìlú tí a ń gbé. Láti orí rédíò ni mo ti mọ orin Mamman Shata, tí ó kú ní 1999, àti ti Dan Maraya Jos, tí ó kú ní 2015, ẹni tí ń ta ohun èlò olókùn kan ṣoṣo tí àwọn Hausa ń pè ní kuntigi. Bí mo bá mẹ́nu kan orin tí a gbọ́ láàárọ̀, oníbàárà mi a rẹ́rìn-ín, ìnájà a sì rọrùn. Fóònù kì í ṣe báyìí. Orin tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni o ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì ń fún ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò tí kò gbọ́ orin ìlú, àlejò ni yóò jẹ́ títí.

Ìdí tí ó tóbi jù nìyí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, nítorí àwọn agbébọn, ìjọba dá iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù dúró ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Kò pẹ́ tí ó fi kan ìjọba ìbílẹ̀ 14 ní ìpínlẹ̀ tiwa náà. Àbúrò ìyàwó mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gusau nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyàwó mi kò rí oorun sùn. Ìwé ni a kọ, tí a fi rán awakọ̀ kan sí i, ọjọ́ mẹ́rin sì kọjá kí èsì tó dé pé ó wà láàyè.

Nígbà tí ó wá kí wa, ó ní orin kún inú fóònù òun, ṣùgbọ́n bí òun bá ń gbọ́ ọ lóru, àfi bí ẹni pé òun nìkan ni ó kù láyé. Rédíò kékeré oníbátìrì ni òun ń tàn. Ó ní, “Bùrọ̀dá, bí wọ́n bá ti fi orin sí i, mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbì kan tí kò sùn, tí ó ń yan orin fún wa. Mo mọ̀ pé ìlú ṣì wà.”

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìdáhùn yín nìyẹn. Orin inú fóònù, o lè gbọ́ ọ lónìí, o lè gbọ́ ọ lọ́dún tí ń bọ̀, ìwọ nìkan náà ni. Orin orí rédíò, bí o ti ń gbọ́ ọ ni télọ̀ ní Mabera ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́lé ní Arkilla.

Ẹ tún ro ti owó. Ní oṣù Kìíní 2025, ìjọba gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi ìdajì kún iye tí wọ́n ń gbà. Rédíò kì í jẹ dátà. Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì pàápàá ní FM nínú. Wáyà tí à ń kì bọ etí ni eríà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ní 2017, orílẹ̀-èdè Norway kó àwọn iléeṣẹ́ rédíò ńlá rẹ̀ kúrò lórí FM. Ẹni tí iná kì í kú nílé rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa mọ bí iná tiwa ti rí.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi í gbọ́ Ebenezer Obey àti Sunny Adé, kí èdè ilé má baà sọnù lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n kí rédíò má kúrò nílé, kí bátìrì rẹ̀ má sì tán. Bí a bá fi ọwọ́ kan di ilé mú, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kejì di ìlú tí ó gbà wá mú.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ara wa. Àṣẹ.