Oúnjẹ Pọ́ọ́kú Nínú Ilé Tẹ́tẹ́: Owó Ta Ló Pa Ọbẹ̀ Yìí?

Nígbà tí iṣẹ́ Olúwa gbé wa dé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwa àti aya wa pẹ̀lú ọmọ wa méjì wọ̀ sí ilé arákùnrin kan, ọmọ Yorùbá, ní Las Vegas. Inú aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà, ní ìpínlẹ̀ Nevada, níbi tí òfin ti fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ láti ọdún 1931.

Nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ, arákùnrin yìí mú gbogbo wa lọ sí ilé kọfí kan nínú òtẹ́ẹ̀lì àwọn onítẹ́tẹ́. Àyà wa já. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí iye owó oúnjẹ, ẹnu yà wá. Ẹyin, ẹran, búrẹ́dì àti ànàmọ́ òyìnbó díndín, owó táṣẹ́rẹ́ ni! Àwo kan sì tó ọmọ méjì jẹ yó.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó ta ló wá pa èyí? Arákùnrin wa ṣàlàyé pé inú tẹ́tẹ́ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń jèrè. Oúnjẹ jẹ́ ìjẹ tí wọ́n fi sẹ́nu ìwọ̀. Ní ilé tẹ́tẹ́ Golden Gate, sẹ́ńtì 50 ni wọ́n ń ta ife edé kan láti ọdún 1959. Ọdún 1991 ni ó tó di sẹ́ńtì 99. Lónìí, èyí ti di ìtàn.

Níbo ni ìwọ̀ náà wà? Ojú ọ̀nà ni. Àárín àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni a gbà dé ìdí tábìlì. Òfin gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 láyè láti kọjá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀.

Arákùnrin wa sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: “Bàbá, ìdí tábìlì báyìí ni mo fi ìyàwó àti àwọn ọmọ mi sí lọ́jọ́ kan. Mo ní mo fẹ́ lọ fọwọ́. Kí n tó padà, owó ilé oṣù kan ti wọ inú ẹ̀rọ.” Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè.

A bi wọ́n pé, “Kí ló wá tún gbé yín wá síbí?”

Ìyàwó ló dáhùn: “Oúnjẹ wọn dára, sà. Àpò mi sì ni owó ń gbé báyìí. Owó oúnjẹ nìkan la mú wá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkọ náà sì rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, a kò dá oúnjẹ náà lẹ́bi. Bí ìrìn àjò bá gbé yín débẹ̀, ẹ wá ilẹ̀kùn tó súnmọ́ ilé oúnjẹ jù. Ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. Ẹ pín àwo jẹ. Ẹ má gbàgbé owó díẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Bí ẹ bá sì jẹun tán, ẹ jọ dìde, ẹ jọ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, “Mò ń bọ̀.”

Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ wa mọ́. Àmín.