Ta Ló Gbé Ìròyìn Náà Wá?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó buyì fún mi. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń sọ pé kí n kọ ọ́, èmi ni mo ń sún un síwájú, nítorí kò sí pásítọ̀ tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ mọ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun gbé irọ́ kiri.

Ní ọdún 2014, ìlú Ìkàrẹ́ ni mo wà gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́-àgùntàn. Ẹ ó rántí ọdún náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi kú sí ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Jìnnìjìnnì bo gbogbo ilẹ̀ wa. A kò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́ nínú ìjọ. Àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú ọ̀nà kò rí oníbàárà.

Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, láti ìlú mìíràn. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní kí n dìde, kí n gbé omi kaná, kí n da iyọ̀ sí i, kí gbogbo ilé fi wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ohun tí kì í jẹ́ kí Ebola wọ ara ènìyàn nìyẹn. N kò bi í léèrè ẹni tí ó sọ ọ́ fún un. Mo wẹ̀, ìyàwó mi wẹ̀, a jí àwọn ọmọ, àwọn náà wẹ̀ tẹkún-tẹkún. Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ẹ̀rín ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí etí ibùsùn, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àtẹ̀jíṣẹ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà ọmọ ìjọ tí ó wà nínú fóònù mi. Mo fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Màmá kan wà nínú ìjọ wa nígbà náà, opó ni, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá a fínra láti ọdún pípẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ iyọ̀ fún un débi pé ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń sè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi fún un. Màmá bu iyọ̀ sínú ife omi gbígbóná, ó sì mu ún tán. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́rin ni ó sì lò níbẹ̀. Ọlọ́run dá a sí. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí n tó lè la ẹnu, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Pásítọ̀ mi, mo ṣe é bí ẹ ti wí o.” Kò fi bú mi. Ó rò pé inú mi yóò dùn ni.

Ní àárín oṣù kẹjọ náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní WHO, kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni wọ́n sọ pé Ebola ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Gbogbo àwọn tí ó mú jẹ́ 20, àwọn 8 kú nínú wọn, ní Èkó àti Port Harcourt. Kò sí ẹyọ kan ní Àkókó. Àrùn náà kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ìròyìn rẹ̀ ni ó dé, èmi ni mo sì gbé e wọlé.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kọ́ wa pé kí a tó wàásù lórí ẹsẹ kan, kí a kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó kọ ọ́ sí, ìgbà wo ni ó kọ ọ́? Mo ti ń fi ìbéèrè wọ̀nyí ka ìwé Pọ́ọ̀lù láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n n kò fi wọ́n ka àtẹ̀jíṣẹ́ rí. Mo sì ti wàásù lẹ́ẹ̀mejì lórí Áhímáásì, nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 18, ẹni tí ó sáré kọjá Kúṣì tí wọ́n rán níṣẹ́, tí ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dáfídì, ṣùgbọ́n nígbà tí ọba béèrè ọ̀rọ̀ Ábúsálómù lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo nìkan ni ó ní òun rí. Àwọn ìjọ ṣe àmín gan-an ní ọjọ́ méjèèjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kàwé ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá a máa wá jọ́sìn lọ́dọ̀ wa, òun ni ó sì ń bá mi tọ́jú kọ̀ǹpútà ìjọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Dádì, ẹ má bínú sà, níbo ni ẹ ti máa ń rí ìròyìn?” Mo ní àwọn ènìyàn a máa pè mí, wọn a máa fi ránṣẹ́. Ó ní, “Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ń wá ìròyìn lọ sà. Ìròyìn ni ó ń wá yín wá.”

Firefox ni búráúsà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ojú òpó ayélujára. Ọmọ náà ṣí ojú òpó WHO, ó tẹ ibì kan lábẹ́ Bookmarks, orúkọ kan sì jáde sí òkè búráúsà. Nígbà tí mo tẹ orúkọ náà, àkọlé ìròyìn WHO tò wálẹ̀ bí àtòkọ orin nínú ìwé orin, èyí tí ó tuntun jù lókè. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún BBC, ó ṣe é fún ìwé ìròyìn Punch àti Vanguard. Feed ni ó pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Ìkàrẹ́ mọ bí àwọn fẹ́ńdọ̀ ti í tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní òwúrọ̀, tí àwọn ènìyàn yóò pagbo yí wọn ká, tí wọn yóò ka àkọlé, tí wọn yóò jiyàn títí, tí wọn kò sì ní ra ẹyọ kan. (Mo ti wà nínú wọn rí.) Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ oníbàárà gidi, fẹ́ńdọ̀ yóò mú ìwé tí ẹ yàn pamọ́ dè yín. Bẹ́ẹ̀ ni feed rí. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ìròyìn ni ó ní fáìlì kékeré kan tí a kì í sábà rí lójú ewé wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àkọlé ohun tuntun tí wọ́n bá gbé jáde sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀, àlàyé ṣókí, àti àdírẹ́sì ibi tí odidi ìròyìn náà wà. Búráúsà yín yóò máa lọ yẹ fáìlì náà wò láti ìgbà dé ìgbà, yóò sì kó àkọlé tuntun wá. Ẹ kò fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà fóònù yín. Ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ kan kò lè ti tirẹ̀ bọ àárín. Ọjọ́ tí ẹ kò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, ẹ ó yọ ọ́ kúrò, ó parí.

RSS ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ fáìlì náà. Ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1999, Firefox sì ti ń kà á láti ọdún 2004. Nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú fáìlì náà, kì í jẹ dátà bí odidi ojú ewé tí àwòrán kún. Àwa tí a ń ra dátà díẹ̀-díẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo máa ń ka àkọlé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kó wọn jọ bí ọmọdé tí ó rí àgbálùmọ̀, wọ́n tó ọgbọ̀n, n kò sì rí ìdajì wọn kà. Mo yọ wọ́n dín kù sí méjìlá. Ẹyọ kan wà tí àkọlé rẹ̀ a máa pariwo ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, òun ni mo kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ ìròyìn ní èdè Yorùbá ní oṣù kejì ọdún 2018, mo fi kún un ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Ní àkókò yìí wọ́n ti gbé mi lọ sí Ọ̀kà, níbi tí ó jẹ́ pé ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa nínú ilé wa. Ní ìparí ọdún 2018, mo fi Firefox tuntun sórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí mo sì ṣí i, gbogbo feed mi ti lọ. Mo rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn náà ni wọ́n ti pa á tì. Fáìlì àjèjì kan sì wà lójú kọ̀ǹpútà tí n kò mọ̀ rí, mo ti fẹ́ pa á rẹ́. Mo pe ọmọ náà, ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó kígbe lórí fóònù pé, “Dádì, ẹ má pa á rẹ́ o! Orúkọ gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.” Àwọn tí ó ṣe Firefox ni wọ́n yọ ohun tí ń ka feed kúrò nínú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n ní àwọn tí ń lò ó kò tó nǹkan, wọ́n sì kó àdírẹ́sì tí olúkúlùkù ní sínú fáìlì kan fún un. Àwọn feed fúnra wọn wà níbi tí wọ́n wà, fèrèsé tí mo fi ń wò wọ́n ni wọ́n dí. Ọmọ náà júwe ohun àfikún kan tí ń jẹ́ Livemarks fún mi, mo fi sínú Firefox, mo fún un ní fáìlì náà, gbogbo rẹ̀ sì padà. Mo jó ní ojú fèrèsé yẹn. Inú bí mi díẹ̀ náà, kí n má purọ́: nítorí pé a kò pọ̀, ṣé ó yẹ kí wọ́n gba ti ọwọ́ wa?

Ní ọdún 2020 ni mo mọ ohun tí ó wúlò fún. Àrùn Kòrónà ti dé Nàìjíríà ní ìparí oṣù kejì. Ní oṣù kẹta, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, yin oògùn chloroquine. Àwa tí a ti dàgbà mọ̀ ọ́n dáadáa, oògùn ibà tí í mú kí gbogbo ara máa yún ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àgbà kan nínú ìjọ kọ iye tí ó yẹ kí olúkúlùkù lò sínú WhatsApp ìjọ, ó ní kí a tètè rà á kí ó tó wọ́n. Ọwọ́ mi gbọ̀n, nítorí mo rántí ife omi iyọ̀ yẹn. Mo ṣí àkọlé mi. Ó wà níbẹ̀ pé ní Èkó, chloroquine ti ṣe àwọn kan ní májèlé, àti pé àjọ NCDC ti ìjọba àpapọ̀ ní WHO kò tíì fi ọwọ́ sí i fún àrùn yìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: ẹni tí ó sọ ọ́, ọjọ́ tí ó sọ ọ́, àti ibi tí wọ́n ti lè kà á.

Bàbá náà bínú. Ó ní mo dójú ti òun lójú àwọn ọmọ kékeré, ó sì jáde kúrò nínú WhatsApp náà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ pè é ní ìkọ̀kọ̀. N kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí mo kọ. Títí di òní, ìkíni wa kò rí bí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé ohun tí ó bá ti jáde nínú feed ti di òtítọ́. Ìwé ìròyìn kan nínú méjìlá mi ti pa ẹni tí kò kú rí, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀kùn ẹni tí mo lè kàn. Kò sì sí feed kan nínú wọn tí ó lè sọ fún mi bóyá ọkọ̀ dànù ní òwúrọ̀ yìí lójú ọ̀nà Àkùngbá sí Ọ̀kà. Fún ìyẹn, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni mo ṣì ń pè, ìbéèrè tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé o fi ojú ara rẹ rí i?

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n fi Livemarks sínú Firefox yín, tàbí kí ẹ lo búráúsà Vivaldi tí ó ní ti ara rẹ̀. Fún ojú òpó tí wọ́n fi WordPress ṣe, tí wọ́n sì pọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ kọ /feed sí ìparí àdírẹ́sì rẹ̀, ó sábà máa ń jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́ta péré.

Màmá ṣì wà láàyè ní Ìkàrẹ́, ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Bí mo bá ráyè lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà dání, kí n lè ka àkọlé ti BBC Yorùbá fún un. Bí mo bá ti ka ọ̀kan, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, “Ta ló wí i, Pásítọ̀ mi?” Mo máa ń sọ orúkọ ẹni náà fún un, mo sì máa ń sọ ọjọ́ tí ó wí i. Nígbà náà ni yóò tó sọ pé kí n ka èyí tí ó kàn.