Shyllon àti Ère Ilé Wa
Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni Ọmọba Yẹmisí Shyllon nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kì í ṣe Yorùbá. Ẹ gbọ́ ná, owó wo ló wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Tèmi ò kọjá gàrí àti fọ́tókọ́pì. Ó ṣiṣẹ́, ó dókòwò, ó tún kọ́ ìmọ̀ òfin, síbẹ̀ kò ṣíwọ́ rírà. Ẹgbẹ̀rún kan (1,000) iṣẹ́ ọnà ló fi ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ. Ní 2019 ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí.

N ò tíì débẹ̀. Kí n má purọ́, ojú ló ń tì mí. Lọ́jọ́ tí bàbá mi ní ká sun ère ìbejì ìyá àgbà, èmi ni mo kó wọn jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ìyá àgbà ò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, “Ìwọ náà, Àkàngbé?”

Ká ní ẹnìkan wá rà wọ́n lọ́jọ́ yẹn ni, bàbá mi ì bá tà wọ́n. Ṣebí owó ilé-ìwé mi la ṣì ń wá.