Ọmọ Tí Ilé Lé Jáde

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó lè yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù fẹ́ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ náà kan inú ilé.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí Nwankwo Kanu gbá góòlù mẹ́ta wọ àwọ̀n Chelsea, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1999. Góòlù 2 sí òdo ni Chelsea fi ń ṣáájú Arsenal, ó sì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí Kanu tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Arsenal ni ó borí, 3 sí 2. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ Arsenal. Nígbà tí Kanu kúrò níbẹ̀ ní 2004, mo rò pé ìfẹ́ náà yóò bá a lọ, ṣùgbọ́n kò lọ.

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé àsìkò kan wà lọ́dọọdún tí líìgì máa ń sinmi, tí ọjà àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò sì máa gbóná. Àsìkò òjò tiwa ni. A ó máa sọ pé wọ́n ra lágbájá, wọ́n ta làmọ̀rín. Ṣùgbọ́n a kì í ta ọmọ ènìyàn tó ní òmìnira. Ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí ni ìtúsílẹ̀ kúrò nínú àdéhùn iṣẹ́ tí àkókò rẹ̀ kò tíì pé. Bí àdéhùn bá ti pé, agbábọ́ọ̀lù lè máa lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀.

Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo gbàgbé rẹ̀ ní 2012. Ní oṣù keje ọdún náà, Robin van Persie, balógun ẹgbẹ́ wa, kéde pé òun kò ní í fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn. Ó ku ọdún kan kí èyí tó wà nílẹ̀ pé. Arsenal gba mílíọ̀nù 24 pọ́ùn, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ sí Manchester United. Ọjọ́ Jímọ̀, 17 oṣù kẹjọ, ni ọ̀rọ̀ náà parí. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ku ọ̀túnla.

Manchester ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń ṣe. Bí a ti ti yídì dé lọ́jọ́ Àìkú, tí a jókòó ti oúnjẹ ọdún, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ kú ọdún o. Balógun yín ti kó ẹrù wá sílé wa. A ó máa bá yín tọ́jú rẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi dìde nídìí oúnjẹ, mo sì fi iṣẹ́ tí kò tíì rí ṣe bú u, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síhìn-ín. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, bí ó bá kí mi, n kò dáhùn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì kọjá ọjọ́ mẹ́ta!

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bàbá wa pe àwa méjèèjì. Wọn kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tí ẹ ń torí rẹ̀ jà yìí, ṣé ó mọ orúkọ ọ̀kan nínú yín?" A dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹni tó tà gba owó rẹ̀, ẹni tó rà gba ọjà rẹ̀, ẹni tó lọ sì ń jẹun. Ilé tèmi nìkan ni nǹkan ti bàjẹ́."

Mo bẹ àbúrò mi, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Ó tó ọdún méjì kí ó tó tún lè bá mi ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní sáà náà, van Persie gbá góòlù 26 ní líìgì, Manchester sì gba ife. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan sí mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ọjà yìí, pàápàá ti ọdún 2025. Ní sáà tó ṣáájú rẹ̀, Gabriel Jesus àti Kai Havertz fara pa, kò sì sí ẹni tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Mikel Merino, agbábọ́ọ̀lù àárín, ni a fi dí àlàfo. A gbá ọ̀mì 14, a sì ṣe ipò kejì fún ìgbà kẹta léraléra. Nígbà tí ọjà ṣí, wọ́n mú Viktor Gyökeres wá fún iwájú, wọ́n sì mú Martín Zubimendi wá fún àárín. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ohun tí kò sí nílé ni wọ́n rà. Mi ò kọ́kọ́ rí ìdí tí wọ́n fi mú Noni Madueke, nítorí ẹsẹ̀ òsì ni òun náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún bíi Bukayo Saka. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé nígbà tí Saka fara pa, ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò fi sí lórí pápá.

Eberechi Eze ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, London ni wọ́n bí i sí. Arsenal ni ó ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù ní kékeré. Nígbà tó di ọmọ ọdún 13, wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó sunkún. Ó kan ilẹ̀kùn káàkiri kí Queens Park Rangers tó gbà á, ibẹ̀ ni ó ti dé Crystal Palace. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Tottenham ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un, Arsenal san mílíọ̀nù 60 pọ́ùn, pẹ̀lú àdéhùn àfikún, láti mú ọmọ tí wọ́n lé padà wálé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, ó gbá góòlù mẹ́ta wọ àwọ̀n Tottenham.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Arsenal pẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ ọ̀tún, owó ńlá ni wọ́n sì fi san án. Kò sí ẹni tí ó ní irú owó bẹ́ẹ̀ nínú wa, nítorí náà kí a má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ kú oríire o. Ẹ̀gún yín gún Tottenham." A rẹ́rìn-ín títí owó orí fóònù rẹ̀ fi tán. Mo pè é padà.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí eré tú ilé wa ká. Àmín.