Ta Ni Yóò Ṣíwájú?

Ní ìlú wa Ilé-Ogbó, bí o bá sọ fún àwọn òbí pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kó ọkọ̀ jọ, kí wọ́n sì jọ wà á káàkiri, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni ìwọ́de ọkọ̀ ìgbéyàwó: fèrè tí kò dákẹ́, ọmọkùnrin tí ó yọ ara jáde lójú fèrèsé, àti awakọ̀ tí ó ń sáré àsápajúdé tẹ̀lé ọkọ̀ ìyàwó. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ojú wọn ti rí nǹkan.

Nítorí náà, nígbà tí àwa ọ̀dọ́ tí a fẹ́ràn ọkọ̀ pinnu láti ṣe ìrìn ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì Iléyá ọdún 2023, kí a sì fi alẹ́ rẹ̀ ṣe eré ọkọ̀ kékeré, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé mọ̀ pé iṣẹ́ wà níwájú. A ṣì ń gbìmọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 fún lítà kan fò sókè kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà ni Iléyá bọ́ sí. Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ ní a ó lọ, kí a gba Ìwó àti Lálúpọn kọjá. A wá dín in kù sí Ìwó ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tí ó ra àgbò ní ọdún náà kò ní bi wá léèrè ìdí.

Ní ìpàdé wa kẹta, ìyá kan wọlé wá. Ọmọ rẹ̀ wà lára wa. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti kú ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, nínú irú ìwọ́de ọkọ̀ ìgbéyàwó tí mo sọ yìí. Gbogbo wa rò pé ó wá láti dá wa dúró ni. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni yóò ṣíwájú? Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ sáré pé kí ó má sáré, tí onítọ̀hún yóò sì gbọ́?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti pàṣẹ pé bí ènìyàn mẹ́ta bá ń rìnrìn-àjò, kí wọ́n fi ẹnì kan ṣe olórí. Òun náà ni ó ṣètò eré ẹṣin ní Mẹ̀dínà, tí Abdullah ọmọ Umar wà lára àwọn tí ó díje. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn náà ni pé kò da àwọn ẹṣin pọ̀: àwọn tí a ti tọ́ fún eré sá nǹkan bíi máìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà, àwọn tí a kò tọ́ sì sá máìlì kan péré.

Ọkọ̀ mọ́kànlá ni a kó jọ. Corolla àti Camry ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Peugeot 504 kan wà níbẹ̀, àti Volkswagen Ìjàpá kan tí bàbá tí ó ni ín kì í jẹ́ kí eruku bà lé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó. Ìjàpá ni a fi síwájú. Àwọn kan ráhùn pé ìgbà wo ni a ó dé bí ìjàpá bá jẹ́ aṣíwájú? Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó yára bá ṣíwájú, olúkúlùkù a máa lé e, ẹni tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ni yóò sì sáré jù. Mẹkáníìkì wa ni a fi sẹ́yìn, pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀. A ní kí àlàfo wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì, kí ọkọ̀ akérò lè rí ibi wọ̀. A kò sì gbà kí ó di òru, nítorí ewúrẹ́ àti ọ̀kadà tí kò ní iná.

A fi tó àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó létí. (Àwọn ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí a wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ti ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ láti ọdún 1977, tí Wọlé Ṣóyínká ṣe agbátẹrù rẹ̀, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní ọdún 1988.)

Ìyá náà ní òun yóò bá wa lọ. Iwájú Ìjàpá ni ó jókòó sí, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, Camry kan yọrí síta láti ya wá sílẹ̀. Bàbá onímọ́tò na ọwọ́ síta, ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, Camry sì padà sáyè rẹ̀. A ti dé ilé kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí.

Ní ti eré alẹ́, Èkó ni ó ní pápá ọkọ̀ kékeré elẹ́rọ, irú èyí tí Art Ingels kọ́kọ́ ṣe ní California ní ọdún 1956, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré bíi ti ìgékoríko. Tiwa jẹ́ pákó, bíárìn tí àwọn mẹkáníìkì ti sọ nù, àti okùn tí a fi ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a tan jẹnẹrétọ̀ sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nínú ọgbà ilé-ìwé, àwọn ọmọdé sì tò. Ariwo bíárìn lórí kọnkéré, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín. Ọmọ ìyá náà ni ó dúró lókè, tí ó ń yàn ẹni tí ó kàn. Nígbà tí a fẹ́ pa iná ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, bàbá onímọ́tò Ìjàpá ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó ń bèèrè bóyá pákó náà lè gbé òun.