Ogun Inú Òjò Dídì Lórí Tábìlì Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní sáà tó kọjá ló jẹ́ kí òwe yìí yé mi, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Àǹtí mi kan tó ń gbé ní London ló fi páálí méjì ránṣẹ́ sí mi. Ike wẹ́wẹ́ ló kún inú wọn, èyí tí a ó gé, tí a ó sì tò pọ̀ di rọ́bọ́ọ̀tì ajagun. Àwọn ará Japan ló ni iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1979 ni eré Mobile Suit Gundam, tí Yoshiyuki Tomino darí, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ kà á sí, wọ́n gé e kúrú, ó sì parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún náà, ilé iṣẹ́ Bandai gbé àwòṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 300 yen, ni ọjà bá kún. Ìdá kan nínú 144 ni wọ́n fi ṣe é: rọ́bọ́ọ̀tì tó ga ní mítà 18 nínú eré di sẹ̀ǹtímítà 12 ààbọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Ọ̀kan nínú tèmi ń jẹ́ GM, ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Federation. Èkejì ń jẹ́ Hygogg, ti Zeon, tó ní apá gígùn bíi ti ìnàkí. Mo ti wo War in the Pocket, eré alápá mẹ́fà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1989. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Zeon ti jáde láti inú omi, tí wọ́n kọlu ibùdó Federation ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, nínú òjò dídì. Ìjà yẹn gan-an ni mo fẹ́ tò sórí tábìlì mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé n kò rí òjò dídì rí. Inú Bíbélì àti fíìmù ni mo ti mọ̀ ọ́n. Òtútù Jos níhìn-ín mú lóòótọ́, àmọ́ eruku ni ọyẹ́ ń kó bá wa. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, mo fi í ṣe òkè àti kòtò. Mo po baking powder mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, mo dà á lé e. Háà! Ó hó bí ọṣẹ, ó wú bí àkàrà. Mo ha gbogbo rẹ̀ dànù. Ìgbà kejì, mo lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, mo pò ó mọ́ pí-ó-pí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, ìyẹn sì gbà.

Síbẹ̀, ó jọ ẹni tó da èlùbọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo wo àwòrán dáadáa ni mo rí i pé òjò dídì kì í bo ohun gbogbo bákan náà. Orí àti èjìká ló ń bà lé; abẹ́ apá kì í ní. Ẹsẹ̀ tó wúwo gbọ́dọ̀ rì. Nítorí náà, mo tẹ ẹsẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì bọ inú pí-ó-pí kó tó gbẹ. Mo sì fi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun kun inú ojú ẹsẹ̀ náà fẹ́ẹ́rẹ́, torí òjìji orí òjò dídì máa ń pọ́n sí búlúù. Mo to òwú bí èéfín ìbọn. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ìlú Jos gan-an, wọlé dé. Ó wò ó títí, ó ní, “Àwọn ènìyàn dà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n wà nínú ẹ̀rọ, àwọn ló ń wà á.

Ó ní, “Kì í ṣe àwọn yẹn. Àwọn tí ogun bá nílé ńkọ́?”

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó sì ń sáré. Ó ní òun kò rántí ariwo mọ́. Bàtà ni òun rántí: bàtà ọ̀tún, bàtà òsì, lójú ọ̀nà, láìsí ẹsẹ̀ nínú wọn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo rántí Al, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ inú War in the Pocket, tó ń fi ogun ṣeré títí ogun fi dé àdúgbò rẹ̀, tí jagunjagun tó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kú. Mo ti wo eré náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ nìkan ni mo ń wò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣírò rẹ̀. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 kò ní ju mìlímítà 12 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì mi. Mo fi bíléèdì gbẹ́ igi ìṣáná di obìnrin tó pọn ọmọ. Mo fi igi ìtayín gún ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú òjò dídì, láti ẹ̀yìn GM dé etí pátákó. Mo gé bàtà kan láti ara páálí ìṣáná, kò ju mìlímítà 2 lọ, mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo yọ gbogbo òwú kúrò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́, àwọn ènìyàn yin rọ́bọ́ọ̀tì, wọ́n ń bèèrè iye owó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wo etí pátákó. Mo ti jẹ́ kí obìnrin náà bojú wẹ̀yìn wo ìjà.

Ó ní, “Ìyá mi kò bojú wẹ̀yìn rárá.”

Mo gbé bíléèdì àti gọ́ọ̀mù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo yí obìnrin náà síwájú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ẹni tó fojú rí i bá wà nítòsí wa, ẹ jẹ́ ká bi í kí a tó mọ tiwa.