Ó Dájú Ṣáká

Ní kíláàsì wa ní Àgbádárìgì, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ máa ń yan ẹni tí yóò bá rìn. Wọ́n kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó. “Draw a conclusion” ni kí ènìyàn wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, kí ó sì ti inú rẹ̀ fa ìparí èrò yọ. “Firm conclusion” ni èyí tó dúró gbọn-in. “Foregone conclusion” ni èyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ ibi tí yóò já sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. “Jump to a conclusion” ni ti ẹni tó fò dé ìparí láì wo ẹ̀rí. “Conclusion” kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá a rìn ló ń sọ bó ṣe dájú tó. Mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa. Mo rò pé ó ti yé mi.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí màmá mi fún mi láti fi ra ìwé, mi ò rí i. Inú ìwé kan lórí tábìlì ni mo fi í sí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, nìkan ni mo bá nínú yàrá, ó ń jẹ bisikíìtì. Mo pariwo pé òun ló jí owó mi. Ó ní òun kò rí owó kankan. Bàbá wa bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní, “Ó dájú ṣáká, sà.” Wọ́n nà án. Ó wò mí, ó sì jáde.

Ilẹ̀ ṣú, a kò rí i. Màmá àgbà, tó lọ ta àgbọn ní ọjà Agbálátà, dé bá wa níbi tí a ti ń wá a kiri. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí.

“Òrùlé ló jò lóru àná. Èmi ni mo kó ìwé rẹ kúrò kó má bàa tutù. Owó rẹ wà nínú agolo mi.”

Etí ọ̀sà la ti bá àbúrò mi, ó jókòó nínú òkùnkùn lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ apẹja. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Lóru, Màmá àgbà pè mí.

“Ṣé o rí i tó mú owó ni?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ẹnìkan ló sọ fún ọ pé òun rí i?”

“Rárá, mà.”

“Kí ló wá dájú níbẹ̀?”

Mi ò rí èsì fọ̀.

Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ tó ń rìn pọ̀. A ń sọ pupa fòò, a ń sọ funfun báláú. Kò sẹ́ni tó ń sọ pupa báláú. Bẹ́ẹ̀ náà ni “dájú” àti “ṣáká”. A sì ní “mo fojú ara mi rí i”, “wọ́n ní”, “ó jọ pé” àti “bóyá”, tó ń sọ ibi tí a ti rí ọ̀rọ̀ wa. “Ó jọ pé” nìkan ni ohun tí mo mọ̀ gbà mí láyè láti sọ. Èmi lọ fi “ṣáká” ti “dájú” lẹ́yìn, ẹgba sì ba àbúrò mi.

Samuel Ajayi Crowther, tó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, gbé ní ìlú wa ní 1845 kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ wọn ìwúwo rẹ̀ kó tó fi lélẹ̀. Èmi kò wọn tèmi.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ọmọ bá ní ó dá òun lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá ó rí i ni àbí ó rò ó. Ní tèmi, bí mo bá wá nǹkan tì báyìí, àbúrò mi á bi mí pé, “Ṣé ó dájú ṣáká?” Á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á dá a lóhùn pé, “Ó jọ pé mo gbàgbé ibi tí mo fi í sí.”